Báwo ni Mumbai ṣe gba ife 42? Ìdáhùn fún tíṣà eré ìdárayá kan l'Abẹ́òkúta

Tíṣà eré ìdárayá kan níbí l'Abẹ́òkúta ló kọ̀wé sí mi. Ohun tó kọ rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Àwa tíṣà mélòó kan àtàwọn òbí ti kóra jọ, a fẹ́ dá ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún agbègbè wa. Ẹnìkan nínú wa ka ìtàn ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ìlú Mumbai ní Íńdíà, pé wọ́n ti gba ife tó lé ní ogójì, ló bá di pé gbogbo ìpàdé là ń sọ̀rọ̀ Mumbai. Alága wa ní pápá ńlá tí wọ́n ní ló gbé wọn débẹ̀, pé ká kọ́kọ́ wá owó pápá, ká rán jẹ́sì, ká wá bàbá ìsàlẹ̀ kan nínú àwọn olóṣèlú. Ẹlòmíì ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé eré òyìnbó àti Íńdíà ni, àná ló dé Nàìjíríà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo làwọn Mumbai ṣe ṣe é gan-an, èwo la sì lè mú níbẹ̀?"

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Mumbai ló ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ̀rù ló ń bà yín pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀lé alága, ọdún á gorí ọdún tí ọmọ kan ò ní tíì di báàtì mú, tẹ́ ẹ bá sì ta kò ó, ẹgbẹ́ lè tú ká kó tó dìde. Ẹ̀rù yẹn tọ́, mo ti rí kọmítì tó ṣèpàdé títí tó fi kú sórí ìpàdé. Èmi fúnra mi ti dúró bí ọ́ńpáyà, ìyẹn adájọ́ eré, mo ti jókòó ti ìwé sìkọ́ọ̀, ìwé tí wọ́n fi ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú máàṣì, nínú oòrùn, mo sì bá àwọn ará Mumbai tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Sunday fún ìgbà pípẹ́, ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kí n tó lọ máa kà á. Ìdáhùn mi ní kúkúrú ni pé alága yín ń ka ìtàn yẹn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Máàṣì ló bí ẹgbẹ́ Mumbai, ẹgbẹ́ ló wá bí pápá, ó sì pẹ́ gan-an kí pápá tó dé.

Ká kọ́kọ́ tú nǹkan kan palẹ̀ ná. Ẹgbẹ́ Mumbai kì í ṣe ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Íńdíà o, ẹgbẹ́ ìlú kan ni. Ọdún 1930 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Bombay Cricket Association ló ń jẹ́ nígbà yẹn, ìgbà tí ìlú yí orúkọ padà sí Mumbai lòun náà yí tiẹ̀. Abẹ́ àjọ ńlá tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní BCCI, ló wà, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ yòókù. Ife tẹ́ ẹ̀ ń kà yẹn, Ranji Trophy ló ń jẹ́, ìdíje àwọn ìpínlẹ̀ ni, 1934-35 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Máàṣì ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń parí lọ́sàn-án kan o, ẹyọ kan lè gba ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, wọ́n á gbá a dalẹ́, wọ́n á lọ sùn, wọ́n á tún padà wá láàárọ̀. Ká sọ pé Ogun, Ọ̀yọ́, Èdó àti Kwara ń ṣe irú ẹ̀ lọ́dọọdún fún àádọ́rùn-ún ọdún, ibi tọ́rọ̀ náà dé nìyẹn.

Nínú ìdíje yẹn, Mumbai ló gba ife àkọ́kọ́ pàá, ní 1934-35. Èyí tó wá ya gbogbo ayé lẹ́nu ni pé láti 1958-59 títí dé 1972-73 wọn ò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ míì fọwọ́ kan ife náà, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko! Ìpínlẹ̀ Karnataka ló wá dá wọn dúró ní semi-final 1973-74. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Vijay Merchant ti jáde, Ajit Wadekar tó jẹ́ kápíténì Íńdíà nígbà tí wọ́n lọ lu West Indies àti England nílé wọn ní 1971, Sunil Gavaskar, Sachin Tendulkar, títí dórí Rohit Sharma tó gbé ife àgbáyé T20, irú kíríkẹ́ẹ̀tì tó kúrú, ní Barbados ní 2024. Ife Ranji tó kẹ́yìn tí wọ́n gbà, èyí tó sọ ọ́ di 42, oṣù Kẹta ọdún 2024 ni, ẹgbẹ́ Íńdíà míì tó ń jẹ́ Vidarbha ni wọ́n lù. Ohun tí wọ́n ṣe kì í ṣe kékeré, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pápá. Pápá tí alága yín rí fọ́tò ẹ̀, Wankhede Stadium, ibi tí Íńdíà ti gba ife àgbáyé ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 2011, oṣù Kínní 1975 ni wọ́n gbá máàṣì ńlá àkọ́kọ́ níbẹ̀, West Indies ló wá, Clive Lloyd sì na bọ́ọ̀lù títí tó fi kó rọ́ọ̀nù 242 (rọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ka ayò nínú kíríkẹ́ẹ̀tì) láìjáde, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni ò lè yọ ọ́ kúrò nídìí báàtì. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. 1930 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, 1973 ni ife mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn dáwọ́ dúró, gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán kí Wankhede tó gbàlejò ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ìgbà yẹn pápá onípápá ni wọ́n ń lò, Brabourne Stadium tí wọ́n ṣí ní 1937, ti kílọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Cricket Club of India ni. Ìjà tíkẹ́ẹ̀tì ló tú wọn ká. Bí máàṣì ńlá bá dé, ẹgbẹ́ á ní ìjókòó tí wọ́n fún àwọn ò tó, kílọ́ọ̀bù á ní àwọn ló ni ilé, títí tí ọ̀gá ẹgbẹ́ nígbà náà, S. K. Wankhede, tó jẹ́ olóṣèlú gidi, fi ní káwọn kúkú kọ́ tàwọn. Wọ́n sì kọ́ ọ kíá. Torí náà òótọ́ ni pé olóṣèlú ló kọ́ pápá, alága ò purọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n olóṣèlú yẹn bá eré tí èrò ti ń jà dù láti wọlé wò ni, kì í ṣe pé ó kọ́ pápá tán kó tó lọ máa wá ọmọ tó máa gbá a.

Ta ló wá ń gbá a kí ẹgbẹ́ tó wà rárá? Àwọn Parsi ni, àwọn oníṣòwò Mumbai kan tí baba ńlá wọn ti Persia wá. Ọdún 1848 ni wọ́n ti dá kílọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀, ìyẹn ju ọgọ́rin ọdún lọ ṣáájú ẹgbẹ́. Orí pápá gbangba ni wọ́n ti ń gbá a, àwọn òyìnbó sì ń fẹṣin gbá polo lórí ibi kan náà, pátákò ẹṣin á ti gbẹ́ ilẹ̀ jágbajàgba, bọ́ọ̀lù á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n sójú ọmọ èèyàn. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gọ́mìnà, wọ́n tún kọ, wọn ò sì torí ẹ̀ fi báàtì sílẹ̀. Ní 1886 wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ gbá a ní England, wọ́n jìyà níbẹ̀, wọ́n tún lọ ní 1888. Nígbà tó di 1890 tí tíìmù òyìnbó kan láti England wá sí Mumbai, wọ́n lù wọ́n. Nígbà tó yá àwọn Híńdù àti Mùsùlùmí náà wọlé, ó di ìdíje láàárín ẹlẹ́sìn sí ẹlẹ́sìn, wọ́n ṣe é títí di 1946 kí wọ́n tó pa á tì. Èmi ò fẹ́ràn apá ẹlẹ́sìn yẹn, Gandhi náà sọ̀rọ̀ lòdì sí i, ṣùgbọ́n òun ló kó èrò wá sídìí eré náà, ká sọ òótọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí jù ni pápá gbangba yẹn, maidan ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Azad Maidan, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá wọn ni. Ojú ibi tí wọ́n ti ń gbá a níbẹ̀ tó 22, ilẹ̀ náà ò sì tó bẹ́ẹ̀, máàṣì wá wọnú máàṣì. Ọmọ tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù fún máàṣì kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn kan ọmọ tó di báàtì mú nínú máàṣì kejì, bọ́ọ̀lù mẹ́ta lè máa bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú á sì mọ tiẹ̀. Kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan á ta àgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Kò sí géètì, ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ kó o tó dúró wòran. Ọ̀kan nínú àwọn ará Mumbai tá a jọ ń gbá a l'Ékòó máa ń sọ pé ẹni tó bá lè gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù ní Azad Maidan, ariwo kankan ò lè dà á láàmú láyé mọ́, mo gbà á gbọ́, torí bí danfo bá fọn fèrè ní TBS òun nìkan ni kì í yíjú.

Orí maidan yìí làwọn ilé-ìwé ti ń pàdé. Ife méjì ni wọ́n ń dù, Giles Shield fáwọn kékeré, Harris Shield fáwọn tó dàgbà díẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń dù wọ́n. Inú Harris Shield ni Tendulkar àti Vinod Kambli ti kó rọ́ọ̀nù 664 pa pọ̀ ní oṣù Kejì 1988, Tendulkar 326, Kambli 349, ẹnikẹ́ni ò lè yọ wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Tendulkar nígbà yẹn o. Igbákejì kóòṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń ké sí wọn pé ó tó, kí wọ́n dáwọ́ dúró káwọn yòókù náà lè ráyè, wọ́n ń ṣe bí adití, wọn ò tiẹ̀ bojú wo apá ibẹ̀. Kóòṣì wọn gan-an, Ramakant Achrekar, máa ń gbé Tendulkar sẹ́yìn sùkútà láti máàṣì kan lọ sí òmíì lọ́jọ́ kan náà, bí wọ́n bá sì ń ṣe ìdánrawò, kó má bàa rẹ ọmọ náà, á fi owó rúpì kan sórí igi wíkẹ́ẹ̀tì, igi mẹ́ta tó máa ń wà lẹ́yìn ẹni tó di báàtì mú, ẹni tó bá yọ ọmọ náà ló ni ín, bí wọn ò bá rí i yọ, ọmọ ló ni owó ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tó ń ná kóòṣì yẹn ò ju rúpì kan àti epo sùkútà lọ. Ohun tó fún ọmọ náà ni máàṣì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ máàṣì, débi tí ẹ̀rù fi kúrò lára ẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà tún ní líìgì kan tó ń jẹ́ Kanga League, 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àárín òjò gan-an ni wọ́n ń gbá a, nígbà tí gbogbo Íńdíà yòókù ti kó báàtì sí kọ̀rọ̀. Ilẹ̀ á rọ̀, bọ́ọ̀lù á máa ṣe bó ṣe fẹ́, òjò á lé wọn wọ àgọ́, wọ́n á tún jáde. Wọ́n ní òun ló jẹ́ kí ará Mumbai le bẹ́ẹ̀, pé ibi tí ẹlòmíì bá ti ń wá ọ̀nà àtilọ sílé, òun á ṣì máa ti bọ́ọ̀lù kúrò níwájú igi mẹ́ta ẹ̀ ní tiẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àlàyé tí ẹni tó ń borí máa ń ṣe lẹ́yìn ni, àmọ́ máàṣì tó fi kún kàlẹ́ńdà wọn ò ṣeé jiyàn.

Ohun kan wà tí kì í sí nínú irú ìtàn tẹ́ ẹ kà yẹn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún òbí: iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ Mumbai, báńkì, rélùwéè, àwọn bíi Tata, máa ń gba ẹni tó mọ kíríkẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, wọ́n á fún un lówó oṣù, wọ́n á fún un láyè láti lọ gbá a, torí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní ìdíje tara wọn, Times Shield. Bàbá tó rí i pé ọmọ aládùúgbò di òṣìṣẹ́ báńkì nítorí báàtì ò ní na ọmọ tiẹ̀ pé ó lọ sí pápá. Àwa náà ní nǹkan tó jọ ọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nígbà kan, NEPA ní tíìmù, Leventis ní, báńkì ní, ó ti tú ká. Ẹ má sì jẹ́ kí alága gbàgbé Abiola Babes tiwa níbí. Chief MKO Abíọ́lá náwó sí wọn, wọ́n gba Challenge Cup ní 1985, wọ́n tún gbà á ní 1987, gbogbo Ẹ̀gbá gbéra sọ, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ ọ̀hún ò fi sí mọ́. Mi ò bú Abíọ́lá o, mi ò sì sọ pé olówó ò dáa, ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n bàbá ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, ọjọ́ tó bá fà sẹ́yìn ni ilé wó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ ẹni tó ní àná ni kíríkẹ́ẹ̀tì dé Nàìjíríà. Ní 1904, Èkó bá Gold Coast, ìyẹn Ghana òní, gbá a l'Ékòó. 1904! Wọn ò tíì pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀ nígbà yẹn, Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba tara ẹ̀ níbí, 1914 ni wọ́n tó gbà á kúrò lọ́wọ́ wa. Máàṣì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń kà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n gbá ní Calabar, ọdún 1904 yẹn náà ni wọ́n ní ó jẹ́. Ọ̀gbà kan náà ni wọ́n, ọ̀kan ò fi ọjọ́ orí ju èkejì lọ. Nígbà tó yá, òyìnbó ń gbá tiẹ̀, aláwọ̀ dúdú ń gbá tiẹ̀, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n tó wá dà á pọ̀.

Ẹ sì wá ìtàn ẹgbẹ́ agbègbè lọ sí Íńdíà nígbà tí ọ̀kan wà nílé. Nàìjíríà, Ghana, Sierra Leone àti Gambia para pọ̀ di West Africa, ICC, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, gbà wọ́n wọlé ní 1976 gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Wọ́n lọ ìdíje ICC Trophy ní England ní 1982, wọ́n lọ Kenya ní 1994, wọ́n lọ Malaysia ní 1997. Ní 2001 ó yẹ kí wọ́n lọ Canada, físà ò jáde fáwọn kan nínú wọn, ni ìrìn-àjò bá dòfo. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2002, kálukú gba orúkọ tiẹ̀, Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n sọ àṣeyọrí ẹgbẹ́ yẹn, màá ní ó di ilẹ̀kùn mú kó má tì mọ́ wa, ìyẹn náà tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tíìmù tó jẹ́ pé ìgbà tí ìdíje bá kù dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tó ń kó ọmọ Freetown, ọmọ Accra àti ọmọ Èkó jọ, níbo ni wọ́n fẹ́ ti rí ìṣọ̀kan? Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní jẹ́sì, máàṣì láàárín ara wọn ni kò tó.

Kí ló wá dé tí eré yìí fi rẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa? Bí mo ṣe rí i, ilé-ìwé tó gbé e ró ò pọ̀. King's College l'Ékòó, Government College Ìbàdàn, Umuahia, irú àwọn wọ̀nyẹn, ilé-ìwé tọ́mọ ń sùn síbẹ̀, tí tíṣà tó mọ eré náà ń gbé inú ọgbà, tí ẹnìkan ń gé koríko. Nígbà tí tíṣà wọ̀nyẹn lọ, tí ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, tí wọ́n kọ́ búlọ́ọ̀kù kíláàsì sórí pápá, kíríkẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ kú. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ò kú torí ẹyọ bọ́ọ̀lù kan ti tó ogún ọmọ, kíríkẹ́ẹ̀tì ń béèrè báàtì, páàdì, ibọ̀wọ́, àti ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Ó sì ti ń sọjí, ẹ má ro pé ẹ̀yin nìkan ni. Ní 2019, àwọn ọmọkùnrin wa tí wọn ò tíì pé ogún ọdún lọ Windhoek, wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà, wọ́n sì lọ ife àgbáyé U19 ní South Africa ní 2020, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà dé ife àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì kankan. Wọ́n fìyà jẹ wọ́n níbẹ̀, ṣé ẹ̀ẹ́ bá Australia àti England wọ ẹgbẹ́ kan náà kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín bọ̀ ni. Ní oṣù Kínní 2025 àwọn ọmọbìnrin U19 lọ Malaysia, òjò dín máàṣì kù sí óófà mẹ́tàlá (jíju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́fà ni óófà kan), wọ́n kó 65, New Zealand kó 63. New Zealand o! Kápíténì wọn, Lucky Piety, ò gbọ́dọ̀ ra omi mu l'Abẹ́òkúta bó bá dé ibí. Àwọn èèyàn á tún máa fi ti oṣù Kọkànlá 2024 ṣakọ sí yín, pé àwọn ọkùnrin wa yọ Côte d'Ivoire pátá lórí rọ́ọ̀nù méje péré. Òótọ́ ni, àwa la kó 271, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ àwọn yẹn nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni, ti New Zealand ni kẹ́ ẹ sọ fọ́mọ.

Ní báyìí, tiwa níbí. Abẹ́òkúta ò ní ilẹ̀ tó tẹ́jú púpọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀, àpáta ló bí wa. Pápá ilé-ìwé tó bá tẹ́ lápá kan á ṣẹ́ wálẹ̀ lápá kejì, pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ sì jẹ́ ti bọ́ọ̀lù àti eré sísá, ẹ má lo ọdún mẹ́ta yín láti máa bẹ̀bẹ̀ fún un. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà látijọ́ ni kí wọ́n da kọnkéré tóóró kan sáàárín pápá, kí wọ́n tẹ́ ẹní sórí ẹ̀. Láti igi mẹ́ta dé igi mẹ́ta, mítà ogún àti díẹ̀ ni. Ó ń pẹ́, òjò ò ba á jẹ́. Àléébù ẹ̀ ni pé ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè ṣubú lé e kó dá orúnkún ẹ̀, torí náà ẹ dà á sáàárín pápá méjì tàbí sí etí pápá, kí ojú ẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, kẹ́ ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó bí kò bá sí máàṣì. Bí prinsípà ò bá gbà, ẹ fi bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán. Káfíńtà lè gbẹ́ báàtì fún yín láti ara igi tó fúyẹ́, ó tó fún bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì, kò tó fún bọ́ọ̀lù awọ, á là sí méjì lọ́jọ́ kejì. Bọ́ọ̀lù awọ fúnra ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan tí ò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì fojú kò ó. Ọmọ tó ń bẹ̀rù á yíjú kúrò bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bọ̀, etí ló sì máa ń bá a.

Ní ti máàṣì, ẹ wá ilé-ìwé mẹ́rin tí wọn ò jìnnà síra wọn, tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn tàbí kí gbogbo wọn wọ kórópe kan, Saturday sí Saturday, óófà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí wọ́n ti parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ má gbìyànjú Kanga League nínú òjò wa o, mànàmáná kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Láti oṣù Kẹsàn-án tí ilé-ìwé bá wọlé, kẹ́ ẹ sinmi nígbà tí òjò ṣì pọ̀, kẹ́ ẹ gbá a dé oṣù Kejìlá, kẹ́ ẹ tún ṣe é ní oṣù Kejì àti Kẹta, kí WAEC tó gba àwọn àgbà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́ ọmọbìnrin méjì nílé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìwé sìkọ́ọ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n má gbá a o, wọ́n á gbá a, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ò ní ìwé sìkọ́ọ̀ ò ní ìtàn, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lọ bá ìpínlẹ̀ tàbí Nigeria Cricket Federation, ìwé yẹn lẹ ó gbé síwájú wọn, wọ́n á rí orúkọ, wọ́n á rí ọjọ́, wọ́n á mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ orí WhatsApp.

Nínú òfin ẹgbẹ́ yín, ẹ tètè kọ iye ọdún tí ẹnìkan lè lò lórí àga. Mumbai jìyà èyí. Olóṣèlú lórí olóṣèlú ló ṣe ọ̀gá níbẹ̀, títí tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà fi dá sí i, wọ́n ní ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún kó lọ sinmi, ni Sharad Pawar, olóṣèlú tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ nígbà náà, bá kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní òpin 2016. Wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ Mumbai pé ìpínlẹ̀ kan ìbò kan, 2018 ni wọ́n tó dá a padà.

Mi ò lè ṣèlérí pé Abẹ́òkúta á di Mumbai. Èrò ìlú yẹn ò ní òǹkà, ọkọ̀ ojú irin ń gbé ọmọ àti àpò báàtì ẹ̀ dé ẹsẹ̀ pápá, iṣẹ́ sì wà níwájú ọmọ, mẹ́ta tí a ò ní nìyẹn. Àwọn Mumbai gan-an ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gba ti 41 ní 2015-16, ọdún mẹ́jọ kọjá kí wọ́n tó rí 42, nígbà tí Vidarbha tí ẹnikẹ́ni ò kà sí gba tiwọn ní 2017-18 àti 2018-19, wọ́n tún gbà á ní 2024-25. Ṣé ẹ rí i, ibi kékeré náà ń gbà á. Tí alága bá ṣì ta kú lórí pápá, ẹ má bá a jà, ẹ gbé iṣẹ́ kọnkéré yẹn fún un, kó jẹ́ òun ni alábòójútó ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í lójú ìpàdé pé Saturday wo ló máa gbẹ.